Láti Ẹnuwá dé etí òkun Àgbádárìgì: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó fẹ́ lọ wo ibi tí wọ́n ti kó ẹrú wọ ọkọ̀

Àwọn ilé-ìwé, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú máa ń gbéra láti Ilé-Ifẹ̀ lọ sí Àgbádárìgì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń padà wálé láì rí ju fọ́tò etí òkun àti ẹ̀wọ̀n mélòó kan lọ. Ohun tó wà níbẹ̀ pọ̀. Àkókò ni wọn kò fún un. Wọ́n á gbéra láàárọ̀ kí wọ́n lè padà lálẹ́, wọ́n á lo gbogbo ọjọ́ lójú títì, wọ́n á wá fi wákàtí kan ààbọ̀ sáré yí ohun tó yẹ kí ènìyàn fi odidi ọjọ́ kan wò. Etí òkun ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ lọ, nítorí pé òun ni gbogbo ọmọ ń pariwo. Bí wọ́n bá fi máa kúrò níbẹ̀, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti fẹ́ tilẹ̀kùn.

Ẹ tẹ̀lé ipasẹ̀ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú bó ṣe lọ gan-an: ilé, ojú ọ̀nà, ọjà, àhámọ́, ọ̀sà, erékùṣù, òkun. Bí ẹ bá tò ó báyìí, ohun kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá rí á máa la ojú yín sí èyí tó tẹ̀lé e. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà: ọ̀kan fún ìrìn àlọ, ọ̀kan fún wíwò, ọ̀kan fún ìyókù àti ìrìn àbọ̀. Ẹni tí kò bá tíì lè yọ ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀, ó sàn kó dúró di ìgbà tó bá lè yọ ọ́.

Ilé ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀

Mùsíọ́mù Ilé-Ifẹ̀ wà ní Ẹnuwá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ọọ̀ni. Ẹ mú àwọn tí ẹ fẹ́ kó rìnrìn àjò débẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Àwọn orí idẹ lẹ́wà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba gbogbo àkókò yín. Ẹ béèrè nípa ìlẹ̀kẹ̀ àti àwọn ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì. Ní Igbó Olókun, nínú Ifẹ̀ níbí, ni wọ́n ti ń ṣe gíláàsì láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí awalẹ̀pìtàn Abídèmí Babalọlá àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ wa ilẹ̀ níbẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tí wọ́n rí lé ní 12,000, àfọ́kù ìkòkò náà sì tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Nígbà tí àwọn Potogí dé etíkun wa ní ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró wà lára ohun tí wọ́n ń rà ní agbègbè Ìbíní tí wọ́n sì ń kó lọ tà ní etíkun tó di Gánà lónìí.

Ìdí tí a fi ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ni pé ọmọ Ifẹ̀ máa ń rò pé òkun kò kan òun. Ìlú tó ní igbó Olókun láàárín ara rẹ̀, tí ìtàn rẹ̀ sì sọ pé aya Odùduwà ni Olókun, òun ló sì ní ìlẹ̀kẹ̀ bí ẹni ní yanrìn, irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò lè pe òkun ní àjòjì. Bí àwọn ọmọ bá ti mọ èyí kí wọ́n tó wọ ọkọ̀, wọn ò ní wo Àgbádárìgì bí ìtàn ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn ìlẹ̀kẹ̀, owó ẹyọ ló kàn. Ẹ ra díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta èlò ìbọ lọ́jà, irú èyí tó kéré, tó funfun. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó ti inú òkun wa jáde. Òkun Íńdíà, ní àwọn erékùṣù Maldives, ni wọ́n ti ń kó o. Ọkọ̀ á gbé e lọ sí Yúróòpù, wọ́n á tún kó o sínú ọkọ̀ mìíràn wá sọ́dọ̀ wa. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní bí àwọn baba wa ṣe ń kà á: ogójì lórí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000, ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Ọ̀kẹ́ kan owó ẹyọ kéékèèké wúwo ju ogún kílò lọ, ẹrù odidi ènìyàn kan ni. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sín ogójì tirẹ̀ sórí òwú, kó sì mú un dání lọ. Bí amọ̀nà bá wá ń sọ iye tí wọ́n ń ta ènìyàn, ọwọ́ wọn á ti mọ bí owó náà ṣe rí.

Iṣẹ́ kẹta, ilẹ̀ kíláàsì ni ẹ ó ti ṣe é. Ní 1788, àwọn tó ń jà ní Ìlú Ọba pé kí òwò ẹrú dópin tẹ àwòrán ọkọ̀ Brookes ti Liverpool jáde. Ènìyàn 454 ni òfin gbà kí ọkọ̀ náà kó, àyè tí wọ́n sì wọ̀n fún ọkùnrin kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ní gígùn àti íǹṣì mẹ́rìndínlógún ní ìbú. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa irú àyè bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá sílẹ̀ kí wọ́n fara kan ara wọn: sẹ̀ǹtímítà 183 ní gígùn, 41 ní ìbú. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà á fi parí. Ẹ má ní kí ọmọ kankan dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ o. Ìyà àwọn baba wa kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣeré, wíwò nìkan sì ti tó láti jẹ́ kí wọ́n dákẹ́.

Ìgbà tó dára àti ètò tó yẹ kó wà nílẹ̀

Oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ló dára jù. Ní oṣù kẹfà àti ìkeje, òjò á mú kí títì kún fún omi, afẹ́fẹ́ á sì máa da ọ̀sà rú. Ẹ yẹra fún ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì àti ti Àjíǹde, torí èrò á pọ̀ ní etí òkun débi pé ẹ ò ní gbọ́ ohùn amọ̀nà. Ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ni àjọ UNESCO yà sọ́tọ̀ fún ìrántí òwò ẹrú àti ìfòpin sí i. Ẹni tó bá fẹ́ bá àwọn ará ibẹ̀ ṣe ìrántí lè lọ nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ fara balẹ̀ wo nǹkan kó mú ọjọ́ mìíràn. Ẹ tún wo kàlẹ́ńdà àwọn ìjọ tó ní ibùdó lójú títì Ìbàdàn sí Èkó kí ẹ tó mú ọjọ́. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù le púpọ̀ lójú ọ̀nà yẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ pe àwọn tí ẹ fẹ́ lọ bá. Kì í ṣe ẹnì kan ló ni gbogbo ibi tí ẹ ó dé. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ló ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Marina Àgbádárìgì. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Mobee àti àhámọ́ ẹrú Sẹ́ríkí Abass, àwọn ẹbí ló ń tọ́jú wọn. Nítorí náà, ọ̀tọ̀ ni owó ìwọlé níbì kọ̀ọ̀kan, èyí sì ni ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ jù: àwọn èrò á rò pé àwọn ti san gbogbo rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kejì. Ẹ béèrè iye ti ọmọdé àti ti àgbà, owó amọ̀nà, owó fọ́tò àti fídíò, àti owó ọkọ̀ ojú omi. Lórí ọkọ̀ ojú omi, ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ pé àlọ àti àbọ̀ ni. Ẹni tó bá san àlọ nìkan, orí erékùṣù ni wọ́n á ti dá iye tuntun lé e, níbi tí kò ti ní ọ̀nà mìíràn.

Ẹ mú owó bébà dání, kéékèèké ni kó pọ̀ nínú rẹ̀. POS wà ní ìlú, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í pẹ́ já, kò sì sí ohun tó jọ ọ́ ní erékùṣù.

Ní ti omi mímu, ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ sílé. Ọjọ́ tí ẹ ó lọ sí erékùṣù, ẹnì kan kò gbọdọ̀ ní dín ní pure water mẹ́ta, ìyẹn lítà kan ààbọ̀. Fún ọgbọ̀n ọmọ pẹ̀lú àgbà mẹ́ta, ó jẹ́ 99. Àpò kan ní ogún, ẹ ra márùn-ún. Bàtà tó ní okùn lẹ́yìn ni kí gbogbo ènìyàn wọ̀, nítorí pé sílípáàsì á máa rì sínú yanrìn, bàtà awọ dídì náà á sì kún fún un. Fìlà tàbí gèlè, ORS mélòó kan, pílásítà, nọ́ńbà fóònù òbí kọ̀ọ̀kan lórí bébà (fóònù lè kú), àti téèpù ìwọ̀n kan. Ẹ ó rí ìlò téèpù náà láìpẹ́.

Àgbà kan fún ọmọ mẹ́wàá. Àwọn ọmọ tí kò tíì tó mẹ́wàá lọ́jọ́ orí, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ lọ́dún yìí.

Ojú ọ̀nà

Láti Ilé-Ifẹ̀ dé Àgbádárìgì, gba Ìbàdàn, jẹ́ nǹkan bí 280 kìlómítà. Lórí máàpù, ó dà bí wákàtí márùn-ún. Nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Èkó, ó lè di mẹ́jọ. Ẹ kúrò ní Mayfair, ní Ifẹ̀, kí aago mẹ́fà àárọ̀ tó lù. Bí ẹ bá kọjá aago mẹ́wàá kí ẹ tó dé Berger, lẹ́nu ìwọ̀lú Èkó, ẹ ti pàdánù ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Bí ẹ bá ti kọjá Gbọ̀ngán, kí olùkọ́ ní kí àwọn ọmọ dákẹ́ díẹ̀. Apòmù tó wà níwájú yín jẹ́ ọjà ńlá tó wà lábẹ́ Ifẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún; ará Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú, Òwu àti Ifẹ̀ ló ń pàdé níbẹ̀. Ìtàn tí wọ́n kọ sílẹ̀ sọ pé níbẹ̀ ni wọ́n ti ń jí àwọn ará Ọ̀yọ́ tó wá nájà gbé, tí wọ́n ń tà wọ́n. Àwọn olóyè Ọ̀yọ́ rán sí Olówu pé kó dá a dúró. Ó gbógun ti àwọn ìlú Ifẹ̀ tó wà ní agbègbè náà. Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú wá para pọ̀ dojú ogun kọ Òwu. Ogun yẹn, ní àwọn ọdún 1820, wà lára ohun tó tú ilẹ̀ Yorùbá ká, tó sì sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn di ẹrù tí wọ́n ń kó lọ sí etíkun. Ẹ má fi èyí pamọ́ fún àwọn ọmọ. Ọwọ́ wa wà nínú ìtàn yìí, bí ìyà rẹ̀ náà ti jẹ wá. Ọmọ tó bá mọ̀ pé ojú ọ̀nà ilé rẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í jí ènìyàn gbé á béèrè ìbéèrè tó jinlẹ̀ nígbà tó bá dé iwájú ẹ̀wọ̀n.

Ní Àṣejíre, ẹ fi omi Ọ̀ṣun hàn wọ́n. Omi tí wọ́n ń wò yẹn, ọ̀sà etíkun ló ń lọ.

Ní Èkó, Berger, Oṣòdì, Mile 2, lẹ́yìn náà ni títì Àgbádárìgì: Okokomaiko, Agbára, kí ẹ tó jáde sí ibi tí ọ̀pẹ àgbọn ti ń pọ̀ sí i. (Ní Oṣòdì, ẹ wo káàdì tí àwọn èrò fi ń wọ bọ́ọ̀sì BRT. Cowry ni wọ́n pè é: owó ẹyọ ṣì ni a fi ń san owó ọkọ̀.) Dẹ́rẹ́bà kan lè ní kí ẹ gba Ọ̀tà àti Àtàn já sí Agbára kí ẹ lè yẹra fún Mile 2. Ọkọ̀ àjàgbé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ló kún ojú ọ̀nà yẹn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbà á lọ́sẹ̀ náà, ẹ má tẹ̀lé ẹni tó gbà á lọ́dún tó kọjá.

Nítorí pé títì yìí ló lọ sí ẹnu ibodè Sẹ̀mẹ̀, ọlọ́pàá, kọ́sítọ́ọ̀mù àti àwọn òṣìṣẹ́ ìwọlé-wọ̀de á dá yín dúró ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kí àgbà kọ̀ọ̀kan mú káàdì ìdánimọ̀ dání. Kí lẹ́tà ilé-ìwé, tó ní òǹtẹ̀, àti orúkọ gbogbo ọmọ wà lọ́wọ́ ẹni tó jókòó síwájú, kì í ṣe nínú àpò lábẹ́ ẹrù. Bọ́ọ̀sì tó kún fún ọmọdé láìsí lẹ́tà lè lo wákàtí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹni tó dá a dúró kò sì jẹ̀bi.

Ọjọ́ wíwò

Ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Marina nígbà tí wọ́n bá ń ṣílẹ̀kùn. Ilé náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun wíwò. Ní 1863 ni wọ́n kọ́ ọ fún ọ́fíìsì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ọdún kan náà tí Àgbádárìgì bọ́ sábẹ́ wọn, ó sì kọjú sí ọ̀sà. Kí ẹ tó wọlé, ẹ dúró níta kí ẹ wo omi náà. Ìlà ilẹ̀ tó wà ní òdìkejì ni ẹ ó parí ọjọ́ náà sí.

Ẹ pín ara yín sí ọ̀wọ́ tí kò ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Yàrá kò tóbi, ẹni tó bá wà lẹ́yìn ogún ènìyàn kò ní rí nǹkan kan. Bí ọ̀wọ́ kan bá wà nínú, kí èkejì jókòó níwájú ọ̀sà. Ẹ bá amọ̀nà sọ ọ́ ṣáájú pé ẹ ní wákàtí kan ààbọ̀, nítorí pé ó ti mọ́ wọn lára láti fi ogójì ìṣẹ́jú tán án fún àwọn tó ń kánjú.

Wọ́n tò ó láti orí bí wọ́n ṣe ń mú ènìyàn, dé orí irinṣẹ́ òwò náà, ìjìyà àti àtakò, iṣẹ́ tí wọ́n ń fi wọ́n ṣe ní ilẹ̀ òkèèrè, bí ó ṣe dópin, àti ìtàn Àgbádárìgì fúnra rẹ̀. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kékeré kan. Níwájú ohun tó bá wù ú, kó kọ ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́rin: kí ni wọ́n fi ṣe é, ta ló ṣe é, ta ló lò ó, ta ni wọ́n lò ó fún? Ohun márùn-ún tí wọ́n bá kọ báyìí dára ju àádọ́ta tí wọ́n kàn fi fóònù yà lọ. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ amọ̀nà, láìfi àbùkù kàn án, èwo ni ojúlówó, èwo ni wọ́n ṣe gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, èwo ni àwòrán tí wọ́n yà lẹ́yìn ìgbà náà. Gbogbo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láyé ló ń lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀; ọmọ tó bá mọ̀ wọ́n yàtọ̀ ti ń kọ́ iṣẹ́ òpìtàn.

Ẹ má fọwọ́ kan irin. Òógùn ọwọ́ ní iyọ̀ nínú, iyọ̀ sì ni ó ń mú irin dípẹtà. Ọwọ́ ọgbọ̀n ọmọ lójúmọ́ á jẹ ohun tí igba ọdún kò jẹ tán. Ẹ pa iná kámẹ́rà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ìrìn orí òkun, olùkọ́ lè fi iye yìí kún ohun tí amọ̀nà bá sọ: nínú gbogbo òwò ẹrú orí òkun Àtìláńtíìkì, àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 12.5 ènìyàn ni wọ́n kó wọ ọkọ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà. Nǹkan bí mílíọ̀nù 10.7 ló gúnlẹ̀ láàyè. Ìyókù, inú omi ni. Kí ó sì sọ ibi tí àwọn tiwa gúnlẹ̀ sí. Ní Bùràsíìlì ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní Nàgó, ní Kúbà wọ́n di Lukumí. Àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun tí wọ́n kó lọ sí Freetown, Akú ni orúkọ wọn níbẹ̀.

Láti ibẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ rìn. Ní ọjà Vlekete, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrú, ẹ má retí pé ojú yín á rí ohun púpọ̀. Ẹ ní kí àwọn ọmọ yọ okùn owó ẹyọ wọn jáde, kí amọ̀nà sì sọ bí wọ́n ṣe ń dúnàádúrà níbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó.

Àhámọ́ Sẹ́ríkí Fárẹ̀mí Williams Abass ni kí ẹ fún ní àkókò jù lọ lẹ́yìn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ìtàn ọkùnrin yìí le láti gbé mì: wọ́n kó òun náà lẹ́rú ní kékeré, wọ́n gbé e dé Bùràsíìlì, ó padà wálé, ó sì di oníṣòwò ńlá àti olóyè kó tó kú ní 1919. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ yára pè é ní ẹni ibi tàbí akọni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè bí ẹni tó jìyà kan ṣe ń di ẹni tó ń fi ìyà náà ṣòwò. Níbí ni téèpù ti wúlò. Amọ̀nà á sọ fún yín pé ogójì ènìyàn ni wọ́n ń kó sínú yàrá kan. Ẹ wọn òró àti ìbú yàrá tí wọ́n bá jẹ́ kí ẹ wọ̀, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ pín in sí ogójì. Bí yàrá bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án sí mẹ́sàn-án, ó jẹ́ 81. Ẹnì kan á ní nǹkan bí méjì péré nínú rẹ̀. Àyè tí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fà nílé jẹ́ mẹ́jọ. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ẹbí Mobee kéré, ṣùgbọ́n òun ló le jù fún ọkàn: ẹ̀wọ̀n ọrùn, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ẹsẹ̀, àti irin tí wọ́n fi ń di ènìyàn lẹ́nu. Ẹ kí àwọn àgbà ilé dáadáa kí ẹ tó wọlé. Inú agbolé ènìyàn ni ẹ wà. Bí wọ́n bá ní kí ẹnì kan wá gbé ẹ̀wọ̀n wò, àgbà kan ṣoṣo ni kó jáde síwájú, kó sì sọ bó ṣe wúwo fún ìyókù. A kò fara mọ́ kí ẹnikẹ́ni kó o sọ́rùn ya fọ́tò. Bí ọmọ kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kí àgbà kan mú un jáde lọ síta, kó jókòó tì í, kó má ṣe bá a wí.

Ọ̀sà, erékùṣù àti òkun

Ẹ jẹun ọ̀sán, ẹ sinmi, kí ẹ sì wà ní èbúté ní aago mẹ́ta. Oòrùn á ti rọ̀ díẹ̀, àkókò á sì tó láti padà kí aago mẹ́fà tó lù. Ẹ má gbà kí ọkọ̀ kankan gbé yín padà nínú òkùnkùn.

Kí ẹnikẹ́ni tó wọ ọkọ̀, kí life jacket ti wà lára rẹ̀, kì í ṣe lórí itan. Ẹ wo nǹkan mẹ́ta: ṣé ìdè rẹ̀ ń dè dáadáa, ṣé aṣọ rẹ̀ kò ya tí fóòmù inú rẹ̀ ti ń jáde, ṣé ó bá ọmọ náà mu. Ẹ dì í tán, kí ẹ fa èjìká rẹ̀ sókè. Bí ó bá gòkè kọjá àgbọ̀n, ó ti tóbi jù, á bọ́ lórí nínú omi. Bí ti ọmọdé kò bá tó, kí ọkọ̀ lọ kó padà wá, ẹ má fi ti àgbà dí i. Ẹ ka iye àyè ìjókòó, ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan wà lórí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Bí ọkọ̀ bá gba méjìlá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ̀yin mẹ́tàlélọ́gbọ̀n á lọ: kí àgbà kan bá ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ, kí èyí tó kẹ́yìn bá ti ìkẹyìn. Ẹ ka orí kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ kà á nígbà tí ẹ bá sọ̀, ẹ sì tún kà á ní àbọ̀. Fóònù á wà nínú ọ̀rá. Kò sí ẹni tó ń dìde ya fọ́tò láàárín ọ̀sà. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ tí omi ń ru, ẹ padà sílé ìtura láìjiyàn. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru, ọ̀sà náà bẹ́ẹ̀.

Líla ọ̀sà kọjá kò pẹ́, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni ìrìn nínú yanrìn erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú, tó lè tó ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún ọmọdé. Ẹ dúró nínú ìrìn yìí kí ẹ ṣàlàyé ohun tó ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu: kí ló dé tí ọkọ̀ òkun kò fi gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì gan-an? Ìlú wà lórí ọ̀sà, kì í ṣe lórí òkun. Yanrìn gígùn kan ló pín omi méjèèjì níyà, ìgbì òkun sì ń fọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún láìdẹwọ́. Ọkọ̀ ńlá tó bá sún mọ́ ọn á fẹnu gúnlẹ̀. Nítorí náà, wọ́n á dákọ̀ró sókèèrè; àwọn atukọ̀ tó mọ bí a ti ń la ìgbì kọjá ló ń fi ọkọ̀ kékeré kó ènìyàn lọ bá wọn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní láti la ọ̀sà kọjá, kí wọ́n sì fẹsẹ̀ rin ibi tí ẹ ń rìn yìí. Ọkọ̀ kékeré míì máa ń dojú dé, àwọn tó wà nínú ẹ̀wọ̀n kò sì lè lúwẹ̀ẹ́.

Kànga kan wà lójú ọ̀nà náà. Wọ́n á sọ fún yín pé wọ́n máa ń fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ẹ tẹ́tí sí ìtàn náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ má mu omi náà, kí ẹ sì bi àwọn ọmọ pé: ṣé wọ́n gbàgbé? Ní Bahia, ní Bùràsíìlì, wọ́n ṣì ń bọ Ọ̀ṣun àti Yemọja; ní Kúbà, wọ́n ṣì ń dá Ifá, wọ́n sì ń dárúkọ Ilé-Ifẹ̀ nínú àdúrà wọn. Ọmọ Ifẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yẹn.

Ní etí òkun, ẹ sọ òfin kan, ẹ má yẹ̀ ẹ́: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ wọ omi. Ìgbì tó ń padà á gbá yanrìn kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀, á sì fa ènìyàn lọ síbi tó jìn, kódà ẹni tó mọ ìwẹ̀. Àwọn àgbà á tò sí iwájú, àwọn ọmọ á wà lẹ́yìn wọn. Ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí kò sí ọ̀rọ̀, kò sí fóònù. Fọ́tò ẹnu ọ̀nà ìrántí lè tẹ̀lé e.

Ọjọ́ kẹta

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn míṣọ́nnárì CMS kọ́ parí ní 1845, ni ẹ ó fi àárọ̀ wò. A mọ̀ọ́mọ̀ fi sí ìkẹyìn ni. Wọ́n mú Àjàyí Crowther ní Òṣoògùn ní 1821, wọ́n kó o wọ ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, ó sì dé Freetown. Ní oṣù kìíní 1845, ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ó dúró níbẹ̀ ju ọdún kan lọ nítorí pé ọ̀nà Abẹ́òkúta kò ṣí. Ní 1846, nígbà tó dé Abẹ́òkúta, ó rí ìyá rẹ̀. Ẹni tí òkun gbé lọ gba etíkun yìí padà wá sílé. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gòkè lọ sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí wọ́n rọra rìn lórí pákó àtijọ́ náà.

Ẹ gbéra kí aago mẹ́wàá tó lù. Ní àbọ̀, kọ́sítọ́ọ̀mù le ju ti àlọ lọ, nítorí pé ọ̀dọ̀ ibodè ni ẹ ti ń bọ̀. Ẹ kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn láti alẹ́ àná pé kí wọ́n má ra ìrẹsì òkèèrè, adìyẹ yìnyín tàbí àpò aṣọ àlòkù. Àpò ìrẹsì ẹnì kan ṣoṣo lè dá gbogbo bọ́ọ̀sì dúró títí di ìrọ̀lẹ́. Àgbọn àti ẹja gbígbẹ kò ní wàhálà. Bí ẹ bá dé Ìbàdàn tí ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹ sùn síbẹ̀, ẹ pe àwọn òbí, kí ẹ gba ọ̀nà Ifẹ̀ láàárọ̀.